Mo Ní N Ò Ní Dáná

Ẹnu mi ló kó bá mi, ẹ jẹ́ kí n ti jẹ́wọ́ ìyẹn ná. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọjọ́ Sátidé kan ni nínú oṣù Keje, àwa ará close wa ní Festac ń ṣèpàdé lábẹ́ igi máńgòrò ẹnu géètì, alága ń pín ohun tí kálukú máa gbé wá fún àpèjẹ sọ́mà. Ìyá Ìbejì gba jọ̀lọ́ọ̀fù. Àwọn ará òkè gba ẹran díndín. Nígbà tó kan ìpanu, gbogbo wa dákẹ́, gbogbo wa ń wo ilẹ̀, torí kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí púfù-púfù àti sàmósà ọgọ́ta èèyàn máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni: gáàsì, òróró, àti obìnrin méjì tí wọn ò ní kí ara wọn mọ́ títí ọdún á fi parí. Ibẹ̀ ni mo ti nawọ́. Mo dìde, mo tún agbádá tí n kò wọ̀ ṣe léjìká, mo ní, "Ẹ fi ìpanu sílẹ̀ fún mi. N ò sì ní dáná. Iná ò ní fojú kàn án rárá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyàwó mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó ń ka èso máńgòrò lórí igi, bẹ́ẹ̀ ìgbà máńgòrò ti kọjá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò gbé Èkó lè máa bi mí pé sọ́mà wo ló wà ní Festac. Ó wà o. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, sọ́mà ni ìgbà tí oòrùn ń ràn tí wọ́n ń bọ́ aṣọ. Lọ́dọ̀ tiwa, sọ́mà ni ìgbà tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, tí òjò ń pa àwọn ọmọ lọ sí sọ́mà lẹ́sìn, tí omi sì ń wá kí ẹni tí kò sọ fẹ́nì kan pé òun fẹ́ ilé etí odò. Ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kan máa ń wà nínú oṣù Kẹjọ tí òjò á mí díẹ̀, ìyẹn tí wọ́n ń pè ní August break. Inú àlàfo yẹn la máa ń sá ti àpèjẹ wa bọ̀, bí ẹni tó ń sáré dá títì Badagry kọjá nígbà tí dáńfó ṣì jìnnà díẹ̀.

Ibi tí ìgbéraga mi ti wá nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Bologna, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, ó ń fi àwòrán oúnjẹ hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó ní tí ooru bá mú gan-an níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sún mọ́ ààrò. Wọ́n á rẹ́ tòmátì, wọ́n á rẹ́ wàràkàṣì rírọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní mozzarella, wọ́n á fi ewé basil lé e, wọ́n á ta òróró ólífì àti iyọ̀ sí i, ó parí. Caprese lorúkọ rẹ̀, láti erékùṣù Capri ni orúkọ náà ti wá. Pupa, funfun, àti àwọ̀ ewé, bí àsíá orílẹ̀-èdè wọn gẹ́lẹ́. Wọ́n tún máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé melon. Wọ́n máa ń gbé tòmátì lé búrẹ́dì pẹ̀lú. Gbogbo irú nǹkan báyìí, ó ní antipasto ni wọ́n ń pè é, ohun tó ń ṣáájú oúnjẹ gan-an.

Mo ní, "Ìpanu nìyẹn! Àwa náà ti ń jẹ antipasto látọjọ́ táláyé ti dáyé."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ́ńkù, ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n..."

Mi ò dúró gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ṣùgbọ́n. Nígbà tó sì tó àkókò tó yẹ kí n bi í, ó ti lọ kí ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Mo jókòó, mo kọ ohun tí mo fẹ́ rà sínú ìwé. Ọmọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ni mo fún ní apá kan ìwé náà pé kó lọ sí ọjà Agbojú. Mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: melon, ńlá méjì. Kò pé wákàtí kan ó dé, ó gbé ọ̀rá dúdú kalẹ̀ níwájú mi. Mo ṣí i. Kóńgò ẹ̀gúsí méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti bó o, ó funfun báláú.

"Kí nìyí?"

"Melon ni, Dádì. Ìyá tó ń tà á ní kóńgò yìí ló tóbi jù lọ́jà."

Mo pariwo. Mo ké sí ìyàwó mi kó wá wo nǹkan. Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Kí lẹ kọ síbẹ̀?" Mo ní melon. Ó ní, "Kí lọmọ rà?" Mo wá rántí pé èmi náà, láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gúsí ni olùkọ́ mi pè ní melon, mi ò sì tíì gbọ́ kí aláàárù kan lọ́jà Agbojú pe nǹkan mìíràn ní orúkọ yẹn. Ká tilẹ̀ ní ó gbé èso bàrà fúnra rẹ̀ wá, ìyẹn èso tí ẹ̀gúsí ń gbé nínú rẹ̀, ṣé ẹ ti tọ́ ọ wò rí? Ó korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ. Ìyá ẹlẹ́gùúsí ní òun ò gba ọjà padà. A gbé ẹ̀gúsí náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo sì pinnu pé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni n ó lò dípò melon. Ẹ má gbàgbé ẹ̀gúsí yẹn o.

Mo lọ sí Marina fúnra mi láti wá mozzarella. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ tó láti fi tọ́jú òkú. Mo rí i. Ó tó ẹyin adìẹ kan. Owó rẹ̀ tó ti adìẹ tó yé ẹyin náà, pẹ̀lú àkùkọ. Mo dá a padà síbi tí mo ti mú un, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn. Ìgò òróró ólífì kékeré kan ṣoṣo ni mo rà. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 lóṣù Kẹsàn-án 2023, mo gbé ìgò náà lé itan, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ṣírò. Kí a tó dé Mile 2, orí mi ti pé. Kí ló dé tí mo ń wá wàrà Ítálì kiri nígbà tí wàrà wà nílé? Kí ló dé tí mo ń ronú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nígbà tí kílíṣí wà, tí ìdajì close wa sì jẹ́ Mùsùlùmí?

Èrò yẹn dára o. Mo ṣì gbà títí dòní pé èrò náà dára. Èmi tí mo gbé e lọ́wọ́ ni kò dára.

Ẹ wo wàrà. Àwọn Fúlàní ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé wàrà màlúù kaná, wọ́n á fún omi ewé bọmubọmu sí i, á dì. Títí dé orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, wàgàṣì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mozzarella máa ń jókòó sínú omi, wàrà náà ń jókòó sínú omi tirẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí àpèjẹ ku ọ̀la, mo wa ọkọ̀ lọ sí Agbojú, mo ra ogójì wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan. Ó dì í sínú ọ̀rá méjì pẹ̀lú omi rẹ̀, ó sì ṣe àlàyé kan fún mi ní èdè Hausa tó gùn díẹ̀. Mo mi orí. Mo rò pé àdúrà ló ń ṣe fún mi. Ó dá mi lójú báyìí pé ohun tó ń sọ ni pé kí n sè é, tàbí kí n dín in, tàbí kí n tètè gbé e kúrò nínú ooru.

Mo gbé e sínú búùtù ọkọ̀. Mo wá yà sọ́dọ̀ onítòmátì.

"Ẹ kú ọjà, ìyá. Tòmátì tí mo máa jẹ ni mo fẹ́."

"Èwo la kì í jẹ nínú rẹ̀, Dádì? Ṣé t'ọbẹ̀ ni àbí ti jọ̀lọ́ọ̀fù?"

"Rárá, bó ṣe wà yìí ni mo máa jẹ ẹ́. Láìsè."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí igbá. "Láìsè?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé kò sí nǹkan? Àbí dókítà ló ní kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Nígbà tí mo sanwó tán, ó fi tòmátì mẹ́ta ṣe èènì fún mi. Mo mọ èènì tí wọ́n ń fún oníbàárà tó ra ọjà púpọ̀. Èyí kì í ṣe irú rẹ̀. Àánú ló wà nínú ẹ̀.

Ojú mi ò tíì là sí ohun tí obìnrin yẹn mọ̀. Ìgbà ooru tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sọ, ìgbà tí tòmátì pọ̀ jaburata ni ní Ítálì, tó pọ́n lórí igi, tó dùn bí èso. Tiwa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ òkè Ọya ló ti ń wá, Kano, Kaduna àti àdúgbò wọn, níbi tí wọ́n ti ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òjò bá ti múlẹ̀ báyìí, ó ti wọ́n, èyí tó sì kù máa ń jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ lórí tírélà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ara wọn lórí ara wọn, kó tó rí Èkó. (Ọdún 2016 tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kaduna, tí àwọn èèyàn ń pè é ní Ebola tòmátì. Ọdún yẹn ni ìyàwó mi se ọbẹ̀ kan tí n kò tíì dárí jì í.) Oúnjẹ ìgbà ọ̀pọ̀ ni mo fẹ́ sè nígbà ọ̀wọ́n. Ẹ wò ó, mo tún ti sọ "sè".

Ìyá onítòmátì mọ̀ pé tòmátì òun kò níṣòro tó bá ti rí iná. Iná máa ń bo àṣírí rẹ̀. Ata, àlùbọ́sà, òróró, wákàtí kan lórí ààrò, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ti rọ̀ àti èyí tí kò tíì pọ́n. Èmi ni mo fẹ́ gbé e jáde síwájú èèyàn níhòòhò.

Gósíló mú mi lọ́nà. Nígbà tí mo fi máa wọ close, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo gbé tòmátì wọlé. Wàrà sun inú búùtù.

Òórùn ló jí mi láàárọ̀, ká tilẹ̀ pa irọ́ díẹ̀. Mo ṣí búùtù, mo ṣí ọ̀rá. Mo ní kí n má tíì dájọ́. Mo jẹ ẹyọ kan. Ó kan. Mo rò ó pé bóyá bí ti Ítálì ṣe ń kan nìyẹn, mi ò tọ́ ọ wò rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mo jẹ ìkejì láti fi wé àkọ́kọ́. Mo jẹ ìkẹta torí pé àwọn méjì tó ṣáájú ò fẹnu kò. Ìyàwó mi jáde, ó fi aṣọ bo imú, ó ní kí n gbé e dà nù kí ó tó pa ajá aládùúgbò. A rán ọmọ lọ ra òmíràn, èyí tí a kó sínú fíríìjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé iná wà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ti wà nínú mi.

Ewé ló kàn. Ẹfinrin pọ̀ lẹ́bàá ọgbà wa, basil sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tímọ́tímọ́. Tí àwọn onímọ̀ ewéko bá ń pe orúkọ wọn, Ocimum ni orúkọ ìdílé àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ ìyá kan lè jẹ́ pásítọ̀, kí èkejì jẹ́ ọmọ ìta. Basil máa ń ta sánsán ni. Ẹfinrin máa ń wọlé, á jókòó, á gba rìmóòtù lọ́wọ́ yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde pé kí n fi ewé kékeré kan ṣoṣo lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbọ́ ọ dópin. Mo já apẹ̀rẹ̀ kan kún. Mo fi ewé méjì méjì, ńláńlá, lé tòmátì àti wàrà lórí, mo fi igi ìtayín gún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, àwọn ará òkè ti ń bèèrè lójú fèrèsé pé ta ló ń se pẹ́pẹ́súùpù.

Ìyá ìyàwó mi, tó wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ náà, yọjú láti yàrá rẹ̀. Ó fa òórùn náà símú.

"Ta ni inú ń run nínú ilé yìí?"

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Ìpanu Ítálì ni."

Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ tán báyìí ni inú mi dá a lóhùn. Ó dún gidi. Màmá wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó padà sí yàrá.

Kílíṣí tún ní tirẹ̀. Ọwọ́ mállàm kan lẹ́bàá First Gate ni mo ti rà á. Ẹran màlúù ni, wọ́n là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n sá a sí oòrùn, wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ata ra á lára, wọ́n sì tún fi iná yan án díẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹran Ítálì ṣeé ká bí aṣọ, ó ń wé mọ́ èso fúnra rẹ̀. Kílíṣí kì í ká. Tẹ́ ẹ bá ká a, á dá. Mo gbìyànjú nígbà mẹ́wàá, mo wá mú òwú ìránṣọ ìyàwó mi, mo fi ń so kílíṣí mọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń di oògùn. Tí ọlọ́pàá bá wọlé wá lákòókò yẹn, mi ò bá ṣàlàyé títí.

Orí àwo kẹta ni òróró mi ti tán. Mo wá gbogbo ilé ìdáná. Mo wá rántí pé mo ti rí ìgò Goya ńlá kan lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Lọ́dọ̀ tiwa, òróró ólífì tí ẹnì kan bá gbé dání, Goya la ń pè é, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀. Màmá wà nílé ìwẹ̀. Mo wọlé, mo gbé e, mo dà á sórí gbogbo àwo láìṣẹ́ku. Tòmátì ń dán yinrin bí iwájú orí ọkọ ìyàwó.

Ó wá ku búrẹ́dì. Bruschetta ni wọ́n ń pe tiwọn, orúkọ náà sì wá látinú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé kí a fi iná yan nǹkan. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Yíyan ló máa ń jẹ́ kí búrẹ́dì wọn le, kí omi tòmátì má bàa rì í. Mo kà á. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ lójú gbogbo ayé pé iná ò ní fojú kan nǹkan mi. (Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó kù: gáàsì wa ti tán láti ọjọ́ Wẹsidé, mi ò sì fẹ́ lọ rọ ọ́. Ìdí tí mo fi rọ̀ mọ́ ìbúra mi gan-an nìyẹn.) Búrẹ́dì Agége ni mo rẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí, wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá ní Èkó láyé àwọn òyìnbó, mo sì gbà pé kò sí búrẹ́dì tó dùn ún fi jẹ ẹ̀wà tó Agége. Rírọ̀ rẹ̀ ni ẹwà rẹ̀. Ó máa ń mu omi ọbẹ̀ tán láwo. Mo gbé tòmátì olómi lé e lórí láago mọ́kànlá àárọ̀. Aago mẹ́rin ni àpèjẹ.

Láago mẹ́rin, ohun tó wà nínú àwo yẹn, ẹ ò lè fọwọ́ mú un. Ṣíbí lẹ máa fi bù ú.

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbé ìpanu mi yíká. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń retí ìyìn, mo ń fún inú mi pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá tó dàgbà jù lọ ní close wa. Bàbá yìí ti wà ní Festac látìgbà tí wọ́n pín ilé lẹ́yìn àjọ̀dún FESTAC, tí àwọn èèyàn ń mú nọ́ńbà, tí ẹni tórúkọ rẹ̀ bá jáde ń gba kọ́kọ́rọ́. Ó gbé ojú sókè láti inú àwo.

"Ọmọ mi," ó ní, "láti ọjọ́ 15 oṣù Kínní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, gbogbo ènìyàn dúdú àgbáyé wá sílùú yìí. Wọ́n lé ní àádọ́ta orílẹ̀-èdè. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe kọ́ ilé tó ò ń gbé. A jẹ oúnjẹ wọn, wọ́n jẹ tiwa. Kò sí èyí tó gbé tòmátì tútù fún mi nínú wọn."

Ó mú igi ìtayín kan, ó rọra fa tòmátì kúrò lára rẹ̀, ó gbé igi náà sápò.

Bí àwọn yòókù ṣe ṣe nìyẹn. Ẹran díndín àwọn ará òkè ń há wọn léyín, igi mi sì wà nítòsí. Kí aago márùn-ún tó lù, igi ìtayín ti tán, tòmátì kù. Ọmọ kékeré kan bu kílíṣí jẹ, ó bú sẹ́kún, wọ́n fún un lómi títí. Alága ń fa òwú kan láti àárín eyín rẹ̀, ó ń fà á, kò tán, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bíi pé kó wá gbà á. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí close, ọmọlúwàbí ni, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìkòkò wo lẹ fẹ́ ká kó àwọn èlò ọbẹ̀ yìí sí? Kí n bá yín gé àlùbọ́sà sí i?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Mo ti ń sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti dé láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ó kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. "Ọ́ńkù, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ti rí i."

Mo ní láti inú ilé ìyàgbẹ́, "Kí lo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn? Lẹ́yìn ṣùgbọ́n?"

"Mo fẹ́ sọ pé ó rọrùn, ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá rí tòmátì tó dùn ún jẹ lásán, ẹ má dán an wò. Torí kò sí iná tó máa bá yín tún un ṣe."

Bí mo ṣe jáde báyìí ni Màmá yọ sí gbangba, ó gbé ìgò òfìfo lọ́wọ́. Gbogbo àpèjẹ dákẹ́.

"Ta ló fọwọ́ kan òróró àdúrà mi?"

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni Màmá ti fi ń gbààwẹ̀, tí wọ́n ń gbàdúrà sí òróró yẹn. Ọmọ rẹ̀ kan tó ń wá físà, òun ló wà fún. Màmá wo ìgò, ó wo àwo, ó wo bí tòmátì ṣe ń dán. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn ní, "Ọkọ ọmọ mi," ó sì dákẹ́ pẹ́ títí.

Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀ràn. Àwo mẹ́fà wà ńlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ jẹ, Màmá sì ti sọ ọ́ pé a kì í da òróró àdúrà sórí àkìtàn. Alága fẹ́ kí a pe ìpàdé pàjáwìrì. Màmá Ejìmá ló yanjú rẹ̀. Ìyá ìbejì méjì ló wà ní close wa. Kí ó má bàa rú wa lójú, a ń pe ti Yorùbá ní Ìyá Ìbejì, a ń pe ti Ìgbò ní Màmá Ejìmá. Festac ni wọ́n bí Màmá Ejìmá sí, ó gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ. Ó dìde, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sè é. Iná jọ̀lọ́ọ̀fù ò tíì kú lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gúsí ni kò sí."

Mo ní, "Ẹ̀gúsí wà."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà tí mo sọ ohun tó mọ́gbọ́n dání. Ọmọ sáré gbé e wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kóńgò méjì, ńlá.

Ìjà kékeré kan ṣẹlẹ̀. Màmá Ejìmá fẹ́ dín ẹ̀gúsí lórí epo kó tó da ata sí i. Màmá ní kí wọ́n pò ó kó máa dì gúlúgúlú nínú ata, bí àwọn èèyàn gidi ṣe ń sè é. Wọ́n pín in sí ìkòkò méjì, kálukú dá tirẹ̀ sè, wọ́n sì ń tọ́ ti ara wọn wò pẹ̀lú ojú tí kò gbà. Alága àti akọ̀wé jókòó, wọ́n ń tú òwú lára kílíṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Tòmátì wọlé, wàrà wọlé, ẹfinrin tó ti ń dààmú wa látàárọ̀ wọlé, kò sì pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi di òórùn ilé tí nǹkan rere wà. Àwọn ọmọ ló yanjú búrẹ́dì, mi ò bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n ro ẹ̀bà. Òjò tó ti ń halẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde nídìí àwo. Bàbá wa béèrè fún ẹ̀bà lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí Màmá tó ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá físà, ó ń sọ nǹkan sórí àwo kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e fún wọn.

Èmi nìkan ni kò tọ́ ọ wò. Màmá ti fún ẹfinrin tó kù, ó fi iyọ̀ sí i, ó gbé e fún mi nínú kọ́ọ̀bù ńlá kan, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán.

Alága gbé ìwé ìpàdé dání, ó wá bá mi níbi tí mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní òun fẹ́ kọ orúkọ ọbẹ̀ náà sílẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Mo ní, "Caprese."

Nínú ìpàdé oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n ń ṣètò ti ọdún tó ń bọ̀, akọ̀wé kà á sókè: kapirésè, ìkòkò ńlá méjì, ọ̀kan dídín, ọ̀kan gúlúgúlú; orúkọ mi ló wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fara mọ́ ọn kó pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.